Ìgbẹ́ Ni Mo Fi Mọ Ohun Tí Àgbò Jẹ

Ẹran tí a so mọ́lé kò ṣòroó mọ ohun tó jẹ. A ó wọn koríko kí a tó kó o síwájú rẹ̀, bó bá di ọjọ́ kejì a ó wọn èyí tó ṣẹ́kù, a ó yọ ọ́ kúrò. Èyí tó ń jẹ̀ káàkiri pápá ńkọ́? Ìbéèrè tó gbé mi kúrò nílé nìyẹn nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àgbò mẹ́fà ni mo fi ṣe é, irú àwọn kúkúrú tó kún ìlú wa, kì í ṣe bọ́lọ̀jọ̀ gàgàrà tí wọ́n ń kó wá láti Òkè-Ọya.

Bó ṣe rí nìyí: ohun tí kò bá dà nínú ẹran ló máa yà. Bí mo bá mọ ìgbẹ́ tó ń yà lóòjọ́, tí mo sì mọ ìdá tí kì í dà nínú koríko tó ń jẹ, mo kàn máa fi èkejì pín èkíní ni. Ó dún bí eré lẹ́nu.

Mo lọ bá télọ̀ kan ní Arówómọlé tó máa ń rán báàgì ọmọ iléèwé. Mo ní kó fi tapólì rán mẹ́fà fún mi, kó fi bẹ́líìtì sí i. Ó bi mí pé ọmọ kíláàsì kelòó ni wọ́n. Mo ní àgbò ni, ìdí ni wọ́n máa gbé e kọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó tún fi kún owó mi. (Akọ ni mo lò nítorí pé abẹ́ ikùn ni ìtọ̀ tiwọn ti ń jáde. Bó bá jẹ́ abo ni, ìtọ̀ á da pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ nínú àpò, ìwọ̀n á sì bàjẹ́.)

Bẹ́líìtì àkọ́kọ́ bó ọ̀kan lábẹ́ apá, mo bá fi táwẹ́ẹ̀lì àlòkù tẹ́ gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi wọ̀ ọ́ kí ara wọn tó gbà á, lẹ́yìn náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ọjọ́ méje. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń tú àpò, torí bó bá wúwo jù, ẹran kò ní jẹ̀ dáadáa mọ́. Ìyá kan tó ń gba ẹ̀yìn àdúgbò Under G lọ sóko dúró wò wá.

“Ọmọ mi, kí ló ṣe ẹran yìí tẹ́ ẹ fi wọ nápíkìn fún un?”

“Ẹ kú ìrìn, mà. Ìgbẹ́ wọn la fẹ́ kó ni.”

Ó mi orí. “Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ìwé pọ̀ jù lórí wa.”

Lọ́jọ́ kẹta, okùn ọ̀kan tú, ìgbẹ́ rẹ̀ dà sínú igbó. Ó wù mí kí n fojú díwọ̀n rẹ̀. Mo fagi lé ọjọ́ yẹn fún un.

Mo ń po ìgbẹ́ ẹran kọ̀ọ̀kan pọ̀, mo ń bu ìdá kan nínú mẹ́wàá, mo ń gbẹ ẹ́ nínú ófùnù ní 65°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi yí padà mọ́. Ọ̀kan nínú wọn tó wọn 22 kg ń ya gíráàmù 250 lóòjọ́ lẹ́yìn tó gbẹ.

Ìdá tó ń dà ni wàhálà. Mo ti kọ́kọ́ so wọn mọ́lé, mo gé koríko Guinea fún wọn, mo rí i pé ìdá 55 nínú 100 ló dà. Bí mo bá lo èyí, 250 pín sí 0.45, ó jẹ́ bíi gíráàmù 556. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó wò wọ́n ní pápá, wọn kì í fẹnu kan igi koríko. Ṣóńṣó ewé ni wọ́n ń ṣà jẹ. Ohun tí wọ́n ń jẹ dára ju ohun tí mo gé lọ.

Mo wá ń tẹ̀ lé wọn. Ibi tí àgbò bá ti bù jẹ, n óo fọwọ́ ja irú ewé kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Èmi ni mo bá àgùntàn rìn, ìgbẹ́ náà ni mo sì ń rù délé. A sun ewé àti ìgbẹ́ di eérú, a fi ásíìdì sè é, a tún un sun. Èyí tí ásíìdì kò rí mú nínú eérú yẹn kì í dà nínú ẹran. Nínú ewé, ó jẹ́ gíráàmù 2.4 nínú 100. Nínú ìgbẹ́, ó di 6, nítorí pé lára ìyókù ewé ti dà, òun kò dà. Ẹ fi 6 pín 2.4, ìdá 40 ni kò dà, 60 ló dà. 250 pín sí 0.4 jẹ́ 625, bí ìdá 2.8 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 ni a máa ń retí. Ẹ sì wo bí ìyàtọ̀ àárín 55 àti 60 péré ṣe yí èsì láti 556 sí 625, lórí ìgbẹ́ kan náà.

Àgbò kan ni kò bá ìyókù mu. Tirẹ̀ jẹ́ 8 nínú ìgbẹ́, tó fi dà bíi pé ìdá 70 ló ń dà. Mo rò pé ẹran tó mọ oúnjẹ ṣà ni. Ẹ̀gbọ́n tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Àbúrò, erùpẹ̀ lo kà mọ́ koríko.” Lóòótọ́, ibi tí koríko ti jẹ tán ló fẹ́ràn, á fa gbòǹgbò tiyẹ̀pẹ̀ tiyẹ̀pẹ̀. Ewé tí mo fọwọ́ já fún un mọ́ tónítóní, kò ní iyanrìn tó jẹ, bẹ́ẹ̀ ásíìdì kì í rí iyanrìn mú. Mo fi ìpíndọ́gba àwọn márùn-ún yòókù ṣírò fún un, mo sì kọ ọ́ síwèé gbangba pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Bí mo bá tún un ṣe, tówó sì wà, ìda ara ewé ni n óo lò, èyí tí wọ́n ń pè ní alkane. A ó máa fún ẹran ní C32, irú alkane kan, lójoojúmọ́, a ó fi wé C33, irú mìíràn tó wà nínú koríko fúnra rẹ̀. Bí díẹ̀ bá sọnù nínú ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé iye kan náà ló ń sọnù nínú èkejì, àṣìṣe wọn á pa ara wọn rẹ́, kò sì sí àpò tí ẹnikẹ́ni máa gbé kọ́ ìdí. Àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tèmi ṣì wà lẹ́yìn ilé. Mo ti fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin, òórùn wọn kò lọ.