Bí mo ṣe dúró de èsì ìdánwò dókítà ní Àkúrẹ́

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ibi ìdánwò padà dé Àkúrẹ́. Mo sùn di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo sì rò pé wàhálà ti tán. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìwàásù ń lọ, ni ìbéèrè kan nípa ọmọ jòjòló tí gìrì gbé bá sọ sí mi lọ́kàn. Mo ti mú ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ọwọ́ mi tutù, n kò gbọ́ ìyókù ìwàásù náà.

Ìdánwò MDCN ni, àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Dókítà tó bá kàwé lókè òkun gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ukraine ni mo ti lo ọdún mẹ́fà, mo gbàwé ẹ̀rí ní 2021, kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022. Ẹni tí kò bá yege kò lè ṣe housejob, iṣẹ́ ọdún kan tí dókítà tuntun ń ṣe lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù, ẹni tí kò bá sì ṣe housejob, kò lè dá aláìsàn kankan tọ́jú. Bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Òkè Àró ti ń pè mí ní Dókítà láti ọjọ́ tí mo ti wọ bàálù. Ìyá àgbà kan gbé ẹsẹ̀ wíwú wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ó dáa, Dókítà," wọ́n sì lọ. Ojú tí wọ́n fi wò mí yẹn dùn mí ju ìdánwò lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí kò yẹ kí n ṣe ni mo ṣe. Mo gbé ìwé kalẹ̀, mo ń wá ìdáhùn àwọn ìbéèrè tí mo rántí, mo ka mọ́kàndínlógún tí mo ṣì. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé èyí tí èèyàn gbà kì í padà wá kí i. Èyí tó ṣì nìkan ló máa ń padà wá. Lórí ẹgbẹ́ WhatsApp àwa tí a jọ ṣe ìdánwò ẹ̀wẹ̀, ẹnìkan á ní èsì máa jáde lọ́la, ẹlòmíràn á ní ó di ọdún tuntun. Aago mẹ́ta òru, mo ti jí, mo ń wo fóònù. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́.

Ìbéèrè méje kan wà tí àwa dókítà fi ń díwọ̀n àníyàn, GAD-7 ni wọ́n ń pè é. Ó ń béèrè bí ara ẹni ṣe rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì: ṣé ọkàn rẹ kì í balẹ̀, ṣé o kì í lè dá àníyàn dúró, ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi pé nǹkan burúkú fẹ́ ṣẹlẹ̀. Òdo sí mẹ́ta ni máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 21. Bó bá ti tó 10, ó yẹ kí èèyàn lọ rí dókítà. Mo fi bi ara mi, mo gba 14. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n fi ara balẹ̀ gbọ́ mi, wọ́n wá bi mí pé, "Bí o bá já ńkọ́, kí lo máa ṣe?"

N kò lè dáhùn.

"O ò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń lé ọ kiri lóru nìyẹn. Lọ kọ ọ́ sínú ìwé. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí oorun ò tíì wá, ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá bá mi."

Wọ́n tún fún mi ní nǹkan mélòó kan ṣe. Mo ń mí sínú títí mo fi ka mẹ́rin, mo ń mí síta títí mo fi ka mẹ́fà, fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí èémí tó gùn síta máa ń jẹ́ kí ọkàn rọra lù. Mo yọ ara mi kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn, mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe ìdánwò pé kí ó pè mí tí èsì bá jáde gan-an. Fóònù di ohun tó ń sùn ní pálọ̀. Àníyàn náà sì ní àkókò tirẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí ààbọ̀. Tó bá wá láàárọ̀, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ de aago márùn-ún. Lọ́pọ̀ ìgbà, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò ní agbára kankan mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ ni iṣẹ́ gidi. Ojú ìwé kan ni. Mo kọ pé màá tún forúkọ sílẹ̀ fún èyí tó kàn, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sábà ń ṣe é lọ́dún. Mo kọ pé ìtọ́jú ọmọdé ni màá kọ́kọ́ tún kà. Mo kọ pé màá kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ní bayọ́lọ́jì, kí owó díẹ̀ lè máa wọlé. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni ẹni tí màá kọ́kọ́ sọ fún bí mo bá já. Bíírò mi dúró níbẹ̀.

Aṣọ ni màmá mi ń tà l'Ọ́jà Ọba. Wọ́n ta ilẹ̀ kan nítorí owó ilé-ìwé mi, wọ́n sì ń gbààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú nítorí èsì yìí. Mo bá wọn ní ilé ìdáná, wọ́n ń bẹ iṣu.

"Mọ́mì, bí èsì yìí kò bá wá dáa..."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Má fẹnu ara rẹ pe ibi."

"Mi ò pe ibi, mà. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọdún tí àwọn ṣe ìdánwò Grade Two, ti àwọn olùkọ́ nígbà náà, àwọn já, àwọn sì sọ fún bàbá àwọn pé èsì ò tíì jáde. "Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń pa irọ́ yẹn. Mo gbẹ, mo dúdú. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bó dáa o, bí kò dáa o, èmi ni kí o kọ́kọ́ pè." N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo padà sí yàrá, mo parí ìlà yẹn, mo sì sùn mọ́jú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá àbúrò bàbá mi ní oko kòkó ní Ìdànrè. A là á, a kó hóró rẹ̀ jọ, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò lábẹ́ ewé, a ń yí i padà láàárín rẹ̀ kó lè gbóná káàkiri. Bí o bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń jó bí omi ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà a sá a sóòrùn. Nẹ́tíwọ́kì kò dé oko yẹn. Wọn kò béèrè èsì lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kòkó nìkan là ń sọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn di òní. Mo tún fi ìbéèrè méje yẹn bi ara mi níbẹ̀. Mo gba 6.

Ọ̀nà ilé ni mo wà, lórí ọ̀kadà, nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra. Ọ̀rẹ́ mi ti pè títí. Mo ní kí ọlọ́kadà dúró. Mo pe màmá mi.

"Mọ́mì, ó ti jáde. Mi ò tíì wò ó."

"Wò ó. Mo wà níbí."

Mo yege. Mo gbọ́ igbe wọn, mo gbọ́ tí àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, ẹkún sì gbọ̀n mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ìgbà tí mo wá pe ọ̀rẹ́ mi padà ni mo mọ̀ pé orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ ó ti ń wá mi láti sọ fún mi, nítorí ó ti ṣèlérí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní mo ní ojú ìwé kan lọ́wọ́ tí mo fẹ́ kà fún un. Ó dákẹ́. Ó wá ní kí n má tíì kà á, kí òun lọ mú bíírò.