Tukano fún ọmọ Yorùbá tó bá dé òkè Odò Negro

Bí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ bá gbé yín kọjá Manaus lọ sí São Gabriel da Cachoeira, ní ìpínlẹ̀ Amazonas ní Bràsíìlì, ẹ má rò pé Potogí tí ẹ kọ́ ní São Paulo ti parí ọ̀rọ̀. Yóò gbé yín dé báńkì. Àmọ́ lọ́jà àti létí odò, ẹ óò máa gbọ́ Tukano, Nheengatu àti Baniwa, èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, nọ́ńbà 145 ti ọdún 2002, ti sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di èdè ìjọba pẹ̀lú Potogí, kí ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì lè gba ìdáhùn ní èdè rẹ̀. Ní ti ìṣe, Potogí ṣì ni ìwé ń gbà jáde, nítorí náà ẹ má fi í ṣeré. Bí ẹ bá sì fẹ́ wọ ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ gan-an, ẹ gba àṣẹ FUNAI, àjọ ìjọba Bràsíìlì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀, kí ẹ tó wọkọ̀ ojú omi.

Àwọn àgbàlagbà kan lè má tètè dá yín lóhùn ní Tukano. Ní ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì Salesian, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, láyé ọjọ́un, wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n nà nítorí “fanákúlà” á mọ ibi tí bàtà yẹn ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ó yá, ìró. Fáwẹ́lì mẹ́fà ni: a, e, i, o, u, àti ọ̀kan tí wọ́n ń kọ ní ʉ. Ẹ ṣe bíi pé ẹ fẹ́ pe u, kí ẹ wá tẹ́ ètè yín bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Àmì tó wà láàárín wi'i, tí í ṣe ilé, àti wa'i, tí í ṣe ẹja, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀fun ni kí ẹ fi dá èémí dúró níbẹ̀.

Imú ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọ̀ tiwa, fáwẹ́lì kan lè ránmú kí èyí tó tẹ̀ lé e má ránmú. Ní Tukano, odidi mọ́fíìmù, ìyẹn gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tàbí àfòmọ́, ló ń ránmú tàbí kó má ránmú rárá. Bó bá ránmú, b á di m, d á di n; p, t, k àti s kì í yí padà ní tiwọn. Ẹ wo mahsã, àwọn ènìyàn: m yẹn kì í ṣe ìró tó dá dúró, b tó gba imú jáde ni. Ọ̀pọ̀ àfòmọ́ ìparí ni kò ní ìránmú tirẹ̀, ohun tí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ bá ṣe ni wọ́n ń ṣe. Àwa tí à ń sọ nílé àti lọ́jà, onílé àti olówó, tí n àti l ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, kò yẹ kí èyí bà wá lẹ́rù.

Ohùn ló ń tan wá jẹ. Ó ní òkè àti ìsàlẹ̀, kò ní àárín, kì í sì í ṣe pé sílébù kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ló ń pinnu bí ohùn yóò ṣe rìn. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú orin rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ajá jí ẹja: ṣé ẹ fojú rí i ni, àbí ẹ gbọ́ ariwo rẹ̀? Ṣé egungun ẹja nílẹ̀ ni ẹ fi mọ̀, àbí àgbọ́sọ ni? Àfòmọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwa lè fi “wọ́n ní” kún un tàbí ká fi í sílẹ̀. Wọn ò lè fi tiwọn sílẹ̀. Ẹ má fi ti afojúrí sọ àgbọ́sọ, wọn á pè yín ní òpùrọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ènìyàn jẹ́, èdè bàbá rẹ̀ ni kí ẹ bèèrè. Ní àṣà, Tukano kì í fẹ́ Tukano, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n ka ara wọn sí. Ìyàwó ilé lè jẹ́ Desano tàbí Tuyuka, àwọn ẹ̀yà mìíràn tó ní èdè tiwọn, kí ilé kan ṣoṣo máa gbọ́ èdè mẹ́ta.

Wọ́n á gbé xibé fún yín: fàríńhà nínú omi tútù. Gàrí ni, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ó wà nílé yín, ẹ fi àfòmọ́ ẹni tó fojú rí dáhùn.