Ẹ fi unsigned char sí i kẹ́ ẹ tó pe iscntrl

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi èdè C kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan tó jẹ mí níyà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mò ń ka orúkọ látinú fáìlì kan, gbogbo ẹ̀ rí bó ṣe yẹ lójú skríìnì, àmọ́ tí mo bá fi strcmp (iṣẹ́ C tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀rọ̀ méjì bára mu) wé wọn, wọn ò bára mu rárá, àfìgbà tí mo tẹ nọ́ńbà byte kọ̀ọ̀kan jáde ni mo rí 13 (carriage return, àmì tí kì í hàn lójú) tó lẹ̀ mọ́ ìdí orúkọ, torí orí Windows, tó máa ń fi 13 sí ìparí ìlà, ni wọ́n ti ṣe fáìlì yẹn. iscntrl tó wà nínú ctype.h ló máa ń mú irú àmì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní control character: ní locale "C" (ètò èdè tí ètò C máa ń fi bẹ̀rẹ̀), 0 dé 31 pẹ̀lú 127 ló ń mú. Space tó jẹ́ 32 ò sí níbẹ̀ o, àmọ́ tab àti newline wà níbẹ̀, ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó pa nǹkan rẹ́.

Ibi tó léwu gan-an rèé. Ẹ má kàn ju char (irú dátà tó ń gba byte kan) sí iscntrl báyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, char lè kéré sí òdo, "ẹ" tiwa yìí, byte mẹ́ta ni nínú UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi byte kọ lẹ́tà), E1 BA B9, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa bọ́ sábẹ́ òdo, C ò sì ṣèlérí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá fún un nírú ẹ̀. iscntrl((unsigned char)c) ni kẹ́ ẹ kọ, torí unsigned char kì í kéré sí òdo. Ẹ má sì fi == 1 yẹ̀ ẹ́ wò, torí ohunkóhun tí kì í bá ti ṣe 0, "bẹ́ẹ̀ ni" ló ń sọ.