Orúkọ Ta Lẹ Kọ Síbẹ̀ Yẹn? Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtọ́kasí Iṣẹ́ Ìwádìí

Láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ṣàgámù, láti Ìjagun dé Ìlíṣàn, ohun kan náà ló ń ba àwọn tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí lẹ́rù tí wọ́n bá dé ojú ewé ìtọ́kasí, níbi tí wọ́n ti ń to iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì tí wọ́n lò. Ṣé kọ́mà ló ń bọ̀ níbí àbí àmì ìdánudúró? Ṣé kí lẹ́tà orúkọ jọ́nà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni àbí kó dúró gangan? Ẹ fọkàn balẹ̀. Kọ́mà kì í pa iṣẹ́ gidi. Olótùú á kàn ní kí ẹ lọ tún un ṣe ni. Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìtọ́kasí tí èèyàn tẹ̀ lé tí kò mú un dé ibì kankan, tàbí tó mú un wọ ilé onílé. Ẹni tó júwe ilé fún àlejò ní Ìjẹ̀bú-Òde pé "ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni", kí ló sọ? Mọ́ṣáláṣí wo?

Ẹ má ṣe fi ìlànà tí wọ́n kọ́ yín nílé ìwé ránṣẹ́ sí jọ́nà láì ka ohun tí jọ́nà náà béèrè. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ìṣègùn ló ń lo Vancouver, ìlànà tó ti ọwọ́ àwọn olótùú jọ́nà ìṣègùn wá nígbà tí wọ́n pàdé ní ìlú Vancouver, ní Kánádà, ní 1978. Nọ́ńbà ló ń lò: iṣẹ́ tí ẹ kọ́kọ́ mẹ́nu bà ni 1, èyí tó tẹ̀ lé e ni 2, bí ẹ bá sì padà sí ti àkọ́kọ́ ní ojú ewé kẹwàá, 1 náà ló ṣì ń jẹ́. APA ní tirẹ̀, ìyẹn ìlànà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, orúkọ àti ọdún ni, a sì máa ń to àkójọ rẹ̀ ní a-b-d. Ẹ̀dà keje APA, tó jáde ní 2019, ní kí a kọ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé títí dé 20 sínú àkójọ. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ jọ́nà Vancouver, mẹ́fà péré ni, et al. ("àti àwọn yòókù") á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, olótùú á ti mọ̀ pé kò ka ìtọ́ni. Ẹni tó bá sì ń fọwọ́ tẹ nọ́ńbà Vancouver, ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kó fi iṣẹ́ kan há àárín 4 àti 5 ló máa mọ ohun tó fi ṣe ara rẹ̀, torí gbogbo nọ́ńbà láti 5 lọ sókè ti di irọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí àwa gan-an ló ń jìyà rẹ̀ jù. Nínú rẹ́jísítà ilé ìwé wa, orúkọ bàbá ló ń ṣáájú: Adébánjọ Adéwálé Samuel. Bí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wá kọ ọ́ báyẹn sórí iṣẹ́ tó fẹ́ tẹ̀ jáde, kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ìwádìí jọ kò mọ ilé Adébánjọ. Orúkọ tó gbẹ̀yìn ló máa gbà pé ó jẹ́ ti bàbá. Ló bá di "Samuel AA". Àwọn tó mọ̀ ọ́n á kọ "Adebanjo AS", ẹlòmíì á kọ "Adewale". Ọkùnrin kan ti di mẹ́ta, iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀ náà sì ti pín sọ́nà mẹ́ta. Ìjẹ̀bú tó mọ owó kà kò yẹ kó gba irú àdánù yìí!

Ó tiẹ̀ sàn nígbà tí Samuel wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Adéwálé Adébánjọ nìkan ńkọ́? Èwo lorúkọ bàbá? Ọmọ Yorùbá gan-an ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ má ṣe méfò o. Ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ jọ́nà máa ń kọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ká tọ́ka sí i síbẹ̀. Ẹ wo àwọn iṣẹ́ rẹ̀ yòókù, ẹ wo ORCID rẹ̀ bó bá ní, ìyẹn nọ́ńbà oní-16 tó ń ya òǹkọ̀wé kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Orúkọ alásopọ̀ bí Adésànyà-Ògúnbánjọ, ẹ má gé e sí méjì. Bí obìnrin bá ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, èyí tó wà lórí iṣẹ́ tí ẹ kà ni kí ẹ kọ, kódà bí ẹ bá tiẹ̀ jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó ọ̀hún. Dókítà, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Olóyè, kò sí àyè fún wọn nínú àkójọ ìtọ́kasí, kódà bó jẹ́ ọ̀gá yín ló ni iṣẹ́ náà.

Èyí tó burú jù, tí kọ́mà kò lè bò mọ́lẹ̀, ni títọ́ka sí ohun tí ẹ kò kà. Ẹ jẹ́ ká mú gàrí Ìjẹ̀bú. Ẹnì kan fẹ́ kọ ìwọ̀n sáyánáìdì, májèlé inú pákí, tí gàrí kò gbọdọ̀ kọjá. Ó rí i nínú iṣẹ́ ẹlòmíì pé Codex, ìgbìmọ̀ tí àwọn àjọ àgbáyé FAO àti WHO dá sílẹ̀ fún ìlànà oúnjẹ, ní 10 mg nínú kílò kan. Ó kọ ọ́, ó sì fi Codex sínú àkójọ bí ẹni pé òun fojú ara òun rí i. Bẹ́ẹ̀, ti ìyẹ̀fun pákí ni 10 mg yẹn, ìlànà 176 ti 1989. Gàrí ní tirẹ̀, 151 ti 1985, 2 mg ló sì wí. Gàrí tí wọ́n wọ̀n tó jẹ́ 6 mg ti wá yege lórí ìwé, nígbà tó yẹ kó kùnà. Ẹni tó bá tún ka tirẹ̀ á gbé e lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n-ní-wọ́n-pé á sì di sáyẹ́ǹsì. Bí ẹ kò bá rí ojúlówó ìwé náà, APA gbà yín láyè láti sọ pé inú iṣẹ́ ẹlòmíì lẹ ti bá a pàdé. Iṣẹ́ tí ẹ kà yẹn ló sì máa wọ inú àkójọ.

Ti ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gùn. Wọ́n lè hun orúkọ òǹkọ̀wé, jọ́nà àti ọdún pọ̀ fún iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí, ó sì máa ń rí bíi ti gidi. Ẹ mú DOI tó wà níbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń fi 10 bẹ̀rẹ̀, ẹ fi https://doi.org/ síwájú rẹ̀, kí ẹ ṣí i. Kó ṣí nìkan kò tó o, ẹ ka àkọlé tó jáde, torí DOI gidi lè gbé yín lọ síbi iṣẹ́ tí kò bá tiyín tan.

Iṣẹ́ tí wọ́n ti fagi lé náà ń bẹ. Ní oṣù Karùn-ún 2020, jọ́nà ìṣègùn The Lancet gbé iṣẹ́ kan jáde lórí oògùn hydroxychloroquine àti Kòrónà. Oṣù Kẹfà ni wọ́n fagi lé e, nígbà tí kò sí ẹni tó lè yẹ dátà rẹ̀ wò. Àwọn kan ṣì ń tọ́ka sí i lẹ́yìn náà. Zotero, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń kó ìtọ́kasí jọ, máa ń kìlọ̀ bí irú rẹ̀ bá wà nínú ohun tí ẹ kó jọ, ó sì tún máa ń to nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Àmọ́ ohun tí ẹ bá kó sínú rẹ̀ náà ló máa dá padà fún yín: àkọlé tó jẹ́ lẹ́tà ńlá látòkèdélẹ̀, ojú ewé tó sọnù, Samuel tó di bàbá.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ kà á ní ọ̀nà méjèèjì: kí gbogbo èyí tó wà nínú iṣẹ́ wà nínú àkójọ, kí gbogbo èyí tó wà nínú àkójọ sì wà nínú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkójọ náà lé ẹni tí kò bá yín kọ ọ́ lọ́wọ́, kó mú bíi márùn-ún níbẹ̀, kó wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí kò bá rí, ẹ tún un kọ tàbí kí ẹ yọ ọ́ dànù kí ẹ tó fi ránṣẹ́.