Bí mo ṣe wádìí ìdí tí fóònù ìyá mi kò fi gba Wi-Fi ilé wa

Ní ọjọ́ tí wọ́n wá so ráútà tuntun, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, sí ilé wa ní Ìbàdàn, fóònù tèmi àti kọ̀ǹpútà mi wọlé sí i lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù ìyá mi, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 2017, kọ̀ jálẹ̀. Orúkọ Wi-Fi náà hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ páàsìwọ́ọ̀dù tán, ibi tí a wà tẹ́lẹ̀ náà ni yóò dá wa padà sí. Ẹni tó so ráútà ní fóònù ti gbó. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ráútà ló ní àbùkù. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ìyá mi kò fi rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ wọn lórí WhatsApp.

Mo pinnu láti dán ẹ̀rọ méjèèjì wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo tan hotspot, tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù fún ẹ̀rọ mìíràn, lórí fóònù mi, tiwọn sì wọlé sí i wẹ́rẹ́, èyí tó fi hàn mí pé fóònù kò bàjẹ́. Mo tún rò ó pé bóyá ìgbì rédíò 5 GHz nìkan ni ráútà ń lò, nítorí pé 2.4 GHz nìkan ni ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ Wi-Fi náà kì bá tí hàn rárá.

Mo dojú ráútà dé, mo rí 192.168.1.1, àdírẹ́sì ojú-ewé ètò rẹ̀, lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, mo sì fi kọ̀ǹpútà ṣí i. Níbi ètò ààbò ni mo ti rí i pé WPA3, irú ààbò Wi-Fi tó tuntun ju WPA2 lọ, nìkan ni wọ́n yàn, bẹ́ẹ̀ WPA2 ni hotspot mi ń lò. Ọdún 2018 ni WPA3 jáde, Android 10 (ẹ̀dà ètò tó ń darí fóònù) ti ọdún 2019 ló sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n; Android 7 ni fóònù ìyá mi dúró sí. Mo yí i sí WPA2/WPA3, tó ń gba tuntun àti àtijọ́, mo sì fi páàsìwọ́ọ̀dù tó gùn sí i rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé ààbò WPA2 kò lágbára tó ti WPA3. Mo ní kí fóònù gbàgbé Wi-Fi náà, mo tún un tẹ̀, ó sì wọlé.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù ní ẹ̀bi tirẹ̀, nítorí pé kò fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó so ráútà ni mo di ẹ̀bi tó pọ̀ jù rù: ọ̀nà méjèèjì wà níwájú rẹ̀, ó yan ẹyọ kan láìbéèrè irú fóònù tó wà nínú ilé, nígbà tí mo sì pè é, ó fẹ́ kí ìyá mi lọ ra òmíràn. Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pé kí òṣìṣẹ́ wọn máa so gbogbo fóònù inú ilé, títí kan èyí tó gbó jù lọ, kí ó tó gbé báàgì rẹ̀.