Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ̀ Pé Wọ́n Ń Fìyà Jẹ Àgbàlagbà Nínú Ilé

Owó ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. POS ni mò ń ṣe ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, láàárín àwọn aládìrẹ, ojú mi sì ń rí nǹkan. Ọmọ-ọmọ á mú káàdì màmá wá lọ́jọ́ tí owó ìfẹ̀yìntì wọlé, á tẹ PIN láìronú, á fa owó náà tán pátápátá. Tó bá di ọjọ́ kejì, màmá kan náà á máa bẹ oníbúrẹ́dì iwájú mi pé kó ta àwìn fún àwọn. Bí owó bá ń wọlé, tí oúnjẹ àti oògùn ò sì sí nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí owó ń gbà lọ.

Ìwé ilẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ilé bàbá ní Ìjẹmọ̀ tàbí Ìkìjà lè ti gbó, kí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Àwa tá à ń gbé nídìí aró mọ ọwọ́ tí aró kùn: gbogbo ìka ló máa ń wọ̀, títí dé abẹ́ èékánná. Ṣé àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló dúdú lọ́wọ́ bàbá tí ojú wọn ò ríwèé kà mọ́? Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tẹ̀ka sí nǹkan kan mọ́, àfi tí ó kéré tán ọmọ méjì bá wà níjòókòó.

Ní ti ara, ẹ fara balẹ̀. Awọ àgbà ti fẹ́lẹ́, nǹkan kékeré ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ kú sábẹ́ rẹ̀. Ojúgun tó bó lè jẹ́ pé àga ni wọ́n fẹsẹ̀ gbá. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá kú sí apá méjèèjì lókè ìgúnpá, níbi tí èèyàn ti ń di èèyàn mú, àga kọ́ nìyẹn. Ẹ wo ìbàdí, ìdí àti gìgísẹ̀ ẹni tí kò lè dìde mọ́ (obìnrin ni kó wo obìnrin). Bí egbò bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn kì í yí wọn padà lórí ibùsùn. Ẹ ka iye oògùn tó kù nínú páálí. Ẹ wo ìró tí kì í dúró nídìí wọn mọ́ torí pé wọ́n ti rù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọgbọ́n dá bá wọn sọ̀rọ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti kọ lọ, torí ẹni tó ń fìyà jẹ wọ́n ló sábà máa ń bá wọn dáhùn: "Màmá ti jẹun. Màmá ò fẹ́ jáde." Ẹ ní ẹ fẹ́ mú wọn lọ kí ará ilé kejì, tàbí kí ẹ rán ẹni náà níṣẹ́ tó jìn díẹ̀. Ẹ má béèrè pé, "Ṣé wọ́n ń lù yín ni?" Ìyá wo ló máa fẹjọ́ ọmọ inú ẹ̀ sùn bẹ́ẹ̀? Ẹ béèrè pé: "Màmá, kí lẹ jẹ lánàá? Ta ló gbé e wá? Ọwọ́ ta ni káàdì yín wà? Bí inú bá ń bí wọn nínú ilé, kí ni wọ́n máa ń ṣe?" Kí ẹ wá dákẹ́. Bí wọ́n bá ń wo ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó fèsì, ẹ ti gbọ́ èsì nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe máa ń pe àgbà ní àjẹ́ ń bí mi nínú. Màmá jẹun tán, wọ́n ní àwọn ò tíì jẹ. Wọ́n jí lóru, wọ́n ń wá ọ̀nà ilé bàbá wọn. Ni ará ilé bá ní wọ́n ń lọ sí ìpàdé àjẹ́. Àìsàn tó ń ba iyè èèyàn jẹ́ ni, dókítà ló sì yẹ kó rí wọn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro wà nílùú wa níbí, níbi tí Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn ọpọlọ láàárín ará abúlé àti mọ̀lẹ́bí ní 1954. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé wọn lọ síbi tí wọ́n á ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n pé kí wọ́n jẹ́wọ́.

Kì í ṣe ilé ìkà nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀ o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú àgbàlagbà mẹ́fà tó ti pé 60 ọdún sókè, bí ẹnì kan ló ń jẹ irú ìyà yìí láàárín ọdún kan. Mo tọ́jú ìyá ọkọ mi lórí ibùsùn, mo mọ ohun tí àìsùn ń ṣe. Ẹni tí kò sùn lóru á jágbe, ẹni tó ń jágbe lójoojúmọ́ lè gbá èèyàn létí. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ dènà á, ẹni tó ń tọ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, tẹ́ ẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù, owó ò lè yí àgbà padà lórí ibùsùn. Ẹ pín ọjọ́ láàárín ara yín. Ẹ máa yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí màmá bá gbà, kí ọmọ mìíràn, tí kì í ṣe ẹni tó ń bá wọn gbowó, máa yẹ àkáǹtì wò.

Bí ẹ bá wá rí i, ẹ má jà níbẹ̀. Ẹ ó padà sílé yín, màmá ló máa sùn lọ́dọ̀ ẹni náà. Ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò bí wọ́n bá gbà, kí dókítà sì yẹ̀ wọ́n wò kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ pe àgbà ẹbí, ẹ pe CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Bí ẹbí bá ní kẹ́ ẹ bò ó mọ́lẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ní òfin tó tako ìwà ipá sí ènìyàn láti 2017. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin l'Ókè-Mosàn. Legal Aid Council ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó lọ́yà rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ewu bá wà lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ pe 112, kí ẹ sì kọ́kọ́ gbé wọn kúrò níbẹ̀. Ìpàdé ẹbí lè dọ̀la. Ẹ kó oògùn wọn, awò ojú wọn àti ọ̀pá ìtilẹ̀ dání.