Bí mo ṣe ń gbé ìbínú mi lọ síwájú Ọlọ́run

Nígbà tí àbúrò mi fi ọ̀rọ̀ gún mi lọ́kàn, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí inú mi sì ń hó. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe ọ́ gan-an fún Ọlọ́run: ṣé ìbínú ni, àbí ìtìjú? Sáàmù 13 ni mo máa ń kà sókè. Ẹsẹ 6 péré ni. Ìráhùn ló fi bẹ̀rẹ̀, orin ló fi parí.

Bí ara bá ṣì ń gbóná, má tíì fèsì. Jẹun, sùn. Èlíjà tó ní kí òun kú, oúnjẹ ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ gbé fún un. Bí ìbànújẹ́ náà ò bá lọ, rí dókítà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ rárá.

Lẹ́yìn náà, lọ bá ẹni náà, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, bí Mátíù 18:15 ṣe wí.